Irin ọkọ̀ tó wà níhòòhò: kí la lè fi bò ó kí ìpẹtà tó bò ó?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Mo ń tún ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣe fúnra mi, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo sì ń ráyè. Mo ti ha ọ̀dà kúrò lórí òrùlé rẹ̀, ilẹ̀kùn méjèèjì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì títí irin fi ń dán. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, nǹkan pupa rúsúrúsú ti ń yọ lára wọn, àwọn kan tilẹ̀ rí bí àmì ìka ọwọ́. Ẹnì kan ní kí n máa fi epo ẹ́ńjìnnì nù ún títí màá fi parí gbogbo ìjórin. Ẹlòmíì ní práímà, ìyẹn ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń kùn sára irin, èyí tó wà nínú agolo tí wọ́n ń tẹ̀ ti tó. Iṣẹ́ yìí ṣì lè gbà mí ní ọdún kan. Kí ni kí n ṣe tí irin náà kò fi ní jẹ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ohun tó ń dùn yín yé mi. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha òrùlé ọkọ̀ rí mọ iye wákàtí tó wà nínú rẹ̀, kò sì dùn mọ́ni kí irin máa pọ́n padà lójú ẹni. Ìbéèrè méjì ló wà nínú èyí tí ẹ béèrè: kí ni kí ẹ ṣe sí àmì tó ti yọ, àti kí ni ẹ lè fi mú irin dúró fún ọdún kan gbáko. Èkejì ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló máa pinnu bí ẹ ó ṣe to iṣẹ́ yín. Kò sí nǹkan kan tó lè mú irin tó wà níhòòhò dúró fún ọdún kan. Ìhòòhò irin kì í ṣe ibùdókọ̀ tí iṣẹ́ ti lè dúró sinmi. Ojú ọ̀nà ló jẹ́, ọjọ́ kan náà lẹ gbọ́dọ̀ gbà á kọjá. Ìwọ̀nba ibi tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè fi práímà ẹpọ́ksì bò kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, òun nìkan ni kí ẹ máa ha. Práímà ẹpọ́ksì tí mò ń wí ni èyí tó ní hádínà tirẹ̀, ìyẹn omi tó ń mú kí ọ̀dà le, nínú agolo ọ̀tọ̀, tí a ń po pọ̀ kí a tó fọ́n ọn.

Ìpẹtà kì í ṣe ìdọ̀tí tó wá bà lé irin. Irin fúnra rẹ̀ ló ń yí padà, nígbà tí òun, omi àti ọ́síjìn bá pàdé. Omi yìí kò dìgbà tó bá jẹ́ òjò. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ń sún mọ́ ìdá 60 nínú 100, omi kan tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò lè rí i ti tẹ́ bo ara irin. Nínú omi fẹ́lẹ́ yìí, ibì kan lára irin á ṣe bí ẹnu kan bátìrì, ibòmíì nítòsí rẹ̀ á ṣe bí ẹnu kejì, iná mànàmáná tín-ín-rín á sì máa sáré láàárín wọn. Ẹnu tí irin ti ń yọ́ lọ ni ihò wẹ́wẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí iyọ̀ bá wá dé inú omi náà, iná yẹn á rí ọ̀nà sáré dáadáa. Iyọ̀ sì tún ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, kódà nígbà tí ọ̀rinrin kò tíì tó iye tí mo dárúkọ. Òógùn ọwọ́ yín ló yọ bí àmì ìka yẹn. Ẹ fi dígí asọ-nǹkan-di-ńlá wo ọ̀kan nínú wọn: ìlà ìka gan-an ló máa pọ́n, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, tí irin àárín wọn á ṣì funfun. Ibi tí iyọ̀ kàn ló kọ́kọ́ jẹ.

Alumíníọ́mù náà ń bá ọ́síjìn da pọ̀, àmọ́ awọ tó ń yọ lára rẹ̀ dì pinpin, á sì di ààbò fún ohun tó wà lábẹ́. Ìpẹtà irin kò rí bẹ́ẹ̀. Bíi kànrìnkàn ló rí: ó ń fa omi mu, ó ń gbé omi náà dúró sára irin, ó sì ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì àyè irin tó ti ara rẹ̀ wá. Wíwú tó ń wú yìí ló ń ti ọ̀dà sókè tí ojú ọ̀dà fi ń rí bíi pé eéwo fẹ́ sọ lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí a bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé kò ní rí afẹ́fẹ́ mọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Irin tó ń dán kò túmọ̀ sí irin tó mọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mú èyí lọ́kùn-únkúndùn torí pé ẹ ní irin yín ń dán. Búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà tí wọ́n ń so mọ́ gíráńdà yára lóòótọ́, ojú irin á sì máa kọ mọ̀nà, àmọ́ ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tẹ ìpẹtà wọ inú ihò wẹ́wẹ́, ó sì ń fi irin etí ihò náà pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sùn sí ẹ̀gbẹ́ pánẹ́ẹ̀lì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá gba ojú irin kọjá. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí ẹ̀kán dúdú tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ìpẹtà ṣì wà níbẹ̀. Ojú irin tó dán jù tún ní àléébù kejì: práímà kò rí ibi dì mú lára rẹ̀. Àwo ìha-ọ̀dà oníkànrìnkàn líle tàbí sáńpépà P80 (bí nọ́ńbà P bá ṣe kéré tó ni sáńpépà ṣe ń ha tó) ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì pọ̀, ó ń gé ìpẹtà jáde, ó sì ń fi ìlà sílẹ̀ tí práímà máa gbá mú.

Ẹni tó ní kí ẹ fi epo nù ún kò purọ́ tán. Epo ń lé omi sẹ́yìn, ó sì dára fún irinṣẹ́ àti àwọn irin tí a kò ní kùn láéláé. Ṣùgbọ́n lára pánẹ́ẹ̀lì tó dúró gbọọrọ, epo fẹ́lẹ́ á máa ṣàn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òkè á sì tún ṣí sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni ibi tó ń ṣàn lọ. Ó máa ń wọ àárín irin méjì tí wọ́n tẹ̀ léra wọn ní etí ilẹ̀kùn àti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibi tí àkísà kankan kò lè dé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fọ́n práímà, tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti gbóná sí i, á yọ́ jáde, ọ̀dà á sá fún un, ẹ ó sì rí ihò róbótó róbótó tí irin ń yọjú nínú wọn. Ìjórin pàápàá kì í dára lórí epo. Ojú ibi tí ẹ jó á kún fún ihò. Epo ẹ́ńjìnnì tí a ti lò ló burú jùlọ, torí pé èéfín, omi àti ásíìdì ti wà nínú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ní silikónì nínú, ẹ má ṣe gbé e wọ yàrá tí ọkọ̀ náà wà rárá.

Práímà inú agolo tí wọ́n ń tẹ̀, àti práímà tó nípọn tí wọ́n fi ń dí ojú ìlà sáńpépà, ni wọ́n ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, torí pé àwọ̀ wọn jọ ààbò. Lúbúlúbú òkúta rírọ̀ pọ̀ nínú èyí tó nípọn kí ó lè rọrùn láti ha, lúbúlúbú yẹn sì ń jẹ́ kí omi rí ọ̀nà gbà wọlé. Èyí tó wà nínú agolo kì í sábà ní hádínà. Ó kàn gbẹ ni, kò so pọ̀ mọ́ra bí ti ẹpọ́ksì, ó sì máa ń fẹ́lẹ́. Ẹ ó kùn ún lónìí, ojú rẹ̀ á dára, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ìpẹtà á ti rìn lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Lójú tèmi, irin tó wà níhòòhò nínú yàrá gbígbẹ sàn ju irin tí práímà yìí bò nínú yàrá tó lọ́rinrin, torí pé ti àkọ́kọ́, ẹ ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ásíìdì ló lọ́jú pọ̀ jù, torí pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà tí orúkọ wọn sì jọra. Ọ̀kan ni oògùn tó ń yí ìpẹtà padà, tí wọ́n fi ásíìdì táníìkì tàbí ásíìdì fọsifọ́ríìkì ṣe. Tó bá kan ìpẹtà, á sọ ọ́ di dúdú. Ìpẹtà ló wá bá. Lórí irin tó mọ́ kò ní iṣẹ́ kankan, àṣẹ́kù rẹ̀ lásán ló máa wà níbẹ̀. Bí ìpẹtà bá sì nípọn, òkè nìkan ló máa dúdú, ìsàlẹ̀ á ṣì máa jẹ irin lọ. Kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ àti sáńpépà kò dé ni ó ti wúlò, kì í ṣe òrùlé ọkọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú yín. Èkejì ni omi ásíìdì fọsifọ́ríìkì tí wọ́n fi ń fọ irin, òun sì lágbára lórí àwọn ẹ̀kán dúdú inú ihò wẹ́wẹ́. A máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́ sí i, a óò jẹ́ kó wà ní tútù fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo, a óò fi omi púpọ̀ ṣàn án, a óò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ó gbẹ lójú ẹsẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ sára irin. Tó bá gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tún fi rin ibẹ̀ kí ẹ tó ṣàn án, torí pé omi lásán kò ní tú u tán mọ́. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ásíìdì máa ń pa hádínà tó wà nínú ẹpọ́ksì. Bí àṣẹ́kù ásíìdì bá wà lára irin, òkè ẹpọ́ksì á le, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó yẹ kó gbá irin mú á rọ̀, ó sì lè ṣí bí awọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni práímà ásíìdì, tó fẹ́lẹ́ bíi máíkírọ́ọ̀nù 10 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Ó ń di alumíníọ́mù mú dáadáa, àmọ́ kò lè dá dúró láìsí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀, pọ́tì, ohun tí a fi ń dí ibi tó jìn lára irin, kò gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹpọ́ksì ni kò sì fẹ́ kí a fọ́n tiwọn lé e. Fún iṣẹ́ tiyín, ẹ fò ó.

Ó wá ku àmì tó ti yọ. Ìpẹtà ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé kò tíì jìn, ẹ má jẹ́ kó kó ìpayà bá yín. Ẹ mú pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ torí pé ó ṣeé tú kalẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án, kí ẹ sì fi omi mìíràn ṣàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo ibí yìí, wọ́n á ní oògùn ìyọ-gírísì ti tó. Oògùn yẹn ń yọ epo, kì í yọ iyọ̀. Omi ló ń yọ iyọ̀, àwọn àmì ìka yín sì jẹ́ iyọ̀. Ó lè tún pọ́n díẹ̀ nígbà tí omi bá kàn án, kò burú, torí pé ẹ ṣì máa ha á. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, ẹ fi àkísà mọ́ kan tí ẹ ti rẹ sínú oògùn ìyọ-gírísì nu ibi tó fẹ̀ tó àyà èèyàn, kí ẹ sì fi àkísà gbígbẹ kejì gbá a kí oògùn náà tó gbẹ. Tí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ kàn pín epo ká ni. Ẹ máa yí ojú àkísà padà. Pẹtiróòlù kọ́ ni kí ẹ fi ṣe é, torí pé iná wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi nǹkan sílẹ̀ lára irin. Lẹ́yìn èyí ni sáńpépà tó kàn: P80 sí ibi tó pọ́n, P120 tàbí P180 sí gbogbo rẹ̀, ní gbígbẹ. Kí ẹ wá tún fi àkísà méjì yẹn nù ún bíi ti àkọ́kọ́. Epo tó bá wà lára irin nígbà tí ẹ bá ń ha á, inú ìlà sáńpépà ló máa sá wọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ ọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn. Láti ìgbà yìí lọ, ìbọ̀wọ́ nítíráìlì tuntun ló gbọ́dọ̀ máa wà lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tó po ẹpọ́ksì, ẹ wo ojú ọjọ́. Irin kì í tètè gbóná bí afẹ́fẹ́, nítorí náà láàárọ̀ tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọlé, ìrì lè sẹ̀ sára ọkọ̀ tó ṣì tutù láti òru. Òfin tó wà ni pé kí irin fi ó kéré tán 3°C gbóná ju ìwọ̀n tí ìrì á ti máa sẹ̀ lọ. Fún àpẹẹrẹ, tí afẹ́fẹ́ bá wà ní 25°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 80, ìrì á máa sẹ̀ sórí ohunkóhun tó bá tutù dé nǹkan bíi 21°C, torí náà irin gbọ́dọ̀ ti lé ní 24°C. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìgbóná àti ọ̀rinrin pọ̀ kò ṣòroó rí, ẹ ní ọ̀kan. Ẹ má ṣe fi ààrò kẹrosíìnì tàbí ti gáàsì mú yàrá náà gbóná, torí pé iná wọn ń bí omi: lítà kan kẹrosíìnì tó bá jóná ń tú omi tó lé díẹ̀ ní lítà kan sínú afẹ́fẹ́, kílò kan gáàsì propane sì ń tú nǹkan bíi kílò 1.6. Ewu iná tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí tínà, omi tí a fi ń la ọ̀dà, bá wà nítòsí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀rá tí àwọn èèyàn ń da bo ọkọ̀ náà ń ṣe irú ìpalára yìí, ó ń há ọ̀rinrin tó ń jáde látinú ilẹ̀ kọnkéré mọ́ irin. Ilẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sí, aṣọ tó ń mí ni kí ẹ fi bo ọkọ̀.

Ní ti ẹpọ́ksì fúnra rẹ̀, ìwé tó bá a wá ni olórí, torí pé ìwọ̀n ọ̀dà sí hádínà nínú àwọn kan jẹ́ 1 sí 1, àwọn kan 2 sí 1, àwọn kan 4 sí 1. Ẹ fi ife oníwọ̀n po ó, ẹ má fi ojú díwọ̀n, nítorí hádínà tó pọ̀ jù tàbí tó kéré jù kì í jẹ́ kó le débi tó yẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ló fẹ́ kí a jẹ́ kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn tí a bá pò wọ́n, kí a tó fọ́n wọn. Ojú ìbọn ìfọ́n-ọ̀dà tó jẹ́ mìlímítà 1.4 sí 1.6 dára fún un, àmọ́ ẹ rí i pé asẹ́-omi wà lẹ́nu kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi lẹ ń fọ́n mọ́ ọn. Ẹ fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 láàárín. Tí gbogbo rẹ̀ bá nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 100 lẹ́yìn tó gbẹ, ó dára. Ní ìṣirò, tí ìdajì ẹpọ́ksì náà bá jẹ́ tínà tó ń fò lọ, tí ìdajì ìyókù sì ń ṣòfò sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fọ́n ọn, lítà kan á bo nǹkan bíi mítà 2.5 níbùú lóòró. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó tó mítà 1.5 níbùú lóòró á gba bíi mílílítà 600 lójú kan. Ẹ má ṣe gbàgbé inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ lo ìbòmú tó ní àlẹ̀mọ́ èédú fún òórùn tínà, kì í ṣe ti eruku lásán, kí ẹ sì bo ara, torí pé hádínà ẹpọ́ksì lè mú kí awọ ara kọ̀ ọ́ títí ayé.

Bí ẹ kò bá ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí rólà oníkànrìnkàn kékeré kun ẹpọ́ksì kan náà. Ojú rẹ̀ kò ní tẹ́jú, ẹ ó tún ha á lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ààbò tó ń ṣe kò dín. Mo fara mọ́ èyí ju kí ẹ máa wá ẹni tó máa fọ́n ọn títí irin á fi dógùn-ún.

Ẹ wá lè bi mí pé báwo ni ẹ ó ṣe jórin lórí ohun tí ẹ ti kùn. Ó rọrùn ju bó ṣe jọ lọ. Níbi tí ẹ bá fẹ́ jó, ẹ ha ẹpọ́ksì kúrò tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lọ́tùn-ún lósì, ẹ jó o, ẹ gé e tẹ́jú, ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, ẹ sì fi ẹpọ́ksì bò ó padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ̀jọ ìgbà lẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí irin méjì ti máa léra, ojú inú wọn kò ní rí ẹpọ́ksì mọ́ láé lẹ́yìn tí ẹ bá jó wọn, nítorí náà práímà onísíǹkì tó ń gba ìjórin ló yẹ kó wà láàárín wọn, kí ẹ sì nu ojú ibi tí iná máa bà gan-an mọ́. Ẹ má fa èéfín síǹkì símú. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni ẹ̀yìn ibi tí wọ́n jó: ọ̀dà inú lọ́hùn-ún ti jóná, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ní ti pọ́tì, orí ẹpọ́ksì tó ti gan ni kí ẹ fi lé. Pọ́tì ń fa omi mu, tó bá jókòó lórí irin lásán, gbogbo omi tó bá fà, irin ló máa gbà á. Ẹ má fi omi ha pọ́tì láéláé. Bí sáńpépà bá sì jẹ dé irin níbì kan, ẹ fi ẹpọ́ksì kan ibẹ̀ kí ẹ tó lọ sílé.

Gbogbo ẹpọ́ksì ló ní iye ọjọ́ tí a lè fi nǹkan lé e láìha á. Àwọn kan jẹ́ ọjọ́ 3, àwọn kan 7. Iṣẹ́ ọdún kan kò lè bá ọjọ́ yẹn dọ́gba, torí náà ẹ fi í sọ́kàn pé tó bá kan ọ̀dà ìkẹyìn, ẹ ó fi P320 tàbí kànrìnkàn pupa ha gbogbo ojú ẹpọ́ksì náà kí ó lè di nǹkan mú. Oòrùn pẹ̀lú ń jẹ ẹpọ́ksì, á sọ ojú rẹ̀ di ẹfun. Nínú ilé, ó lè dúró fún ọdún náà. Níta lábẹ́ oòrùn àti òjò, mi ò ní fi lé e lórí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí kò yẹ kí ẹ ha rárá. Ọ̀dà dúdú tó wà lára pánẹ́ẹ̀lì tuntun máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ irin ní iléeṣẹ́, ó sì dára ju ohun tí èmi tàbí ẹ̀yin lè fọ́n lọ. Ẹ fi tínà rin àkísà kan, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá yọ́, ẹ fi silẹ̀, ẹ kàn ha ojú rẹ̀ fẹ́rẹ́. Tó bá yọ́ mọ́ àkísà, ọ̀dà ìrìn-àjò lásán ni, ẹ ha á kúrò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yanrìn fífẹ́ bọ́ òrùlé tàbí ojú ilẹ̀kùn yín, torí pé irin fẹ́lẹ́ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ máa ń ká kò, kì í sì í padà bọ̀ sípò. Férémù, ṣásì àti apá irin tó gbé táyà dúró ni yanrìn yẹ.

Ohun tí n kò lè ṣe fún yín láti ibí ni kí n sọ bí inú àwọn àpótí irin abẹ́ ilẹ̀kùn ṣe rí. Òde lè mọ́ bí awo tí inú sì ti di bisikíìtì. Ẹ fi imú tọnẹfíìsì gún ìsàlẹ̀ wọn; ibi tó bá wọlé, kò sí oògùn, kò sí ẹpọ́ksì, gígé àti ìjórin ló kù. Ibi tó bá le, lẹ́yìn tí gbogbo ìjórin àti ọ̀dà bá ti parí, tí kò sí iná kankan tó tún máa kàn án, ẹ fi ọ̀pá tín-ín-rín tó ní ihò yí ẹnu ká fọ́n ìda olómi wọ inú wọn, àti inú etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó máa ń rìn wọ ibi tí irin méjì ti léra, tí ẹpọ́ksì kò lè dé. Ẹ fọ́n ọn lọ́jọ́ tó gbóná, kí ẹ jẹ́ kó kán tán, lẹ́yìn náà kí ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ fi gún gbogbo ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé ìda máa ń dí wọn, ilẹ̀kùn tí omi kò sì rí ọ̀nà jáde nínú rẹ̀ á jẹ láti inú wá síta.